Kọ̀ǹpútà Ilé Tí A Tò ní Ìkòròdú: Iná Ni Mo Kọ́kọ́ Wò

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí ẹ ní ẹ fẹ́ to desktop fún àwọn ará ilé, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni pé ṣé i5 lẹ fẹ́ ni àbí i7, ìyẹn irú processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Fún ẹni tó ń gbé Ìkòròdú, ìyẹn kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú iná tó ń dé ilé yín, iye fóòtì tó máa ń kù nínú rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú tí gbogbo àdúgbò ti tan nǹkan wọn, àti ohun tó ń gbé ilé yín dúró nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe. Mo ń wáyà ilé, mo ń so ínfátà àti sólà, láti Ìgbógbó títí dé Odógunyàn. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti pè mí sí pé wọ́n ti kú, ṣàṣà ni èyí tí processor rẹ̀ mọ nǹkan kan nípa ikú náà. Power pack, ẹ̀rọ inú rẹ̀ tó ń gba iná ògiri fún un, ló ń jóná. Èyí tí kò dáa nínú wọn á jóná tán, á tún ba motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú rẹ̀ so mọ́, jẹ́.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tó kan ilé tèmi, ibi iná ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo wá ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí mo fi dé ìdí processor. Ohun tí mo rà, ohun tí mo kọ̀ tí mi ò rà, àti bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ báyìí ni mo fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé òbí pọ̀ ní àgbègbè yìí tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni owó wọn lè ra kọ̀ǹpútà. Bí èyí tí wọ́n rà bá bàjẹ́ láàárín ọdún kan, ó di ọjọ́ mìíràn ọjọ́ire kí wọ́n tó rí òmíràn.

Àwa mẹ́rin la máa lò ó. Àdùkẹ́, àkọ́bí wa, ń múra JAMB sílẹ̀. Ìbéèrè 180 ni wọ́n máa bi í ní wákàtí méjì, 60 lórí Use of English, 40 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́ta tó kù, láti 2015 ni gbogbo rẹ̀ sì ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ tó jẹ́ fóònù nìkan ló fi ń ṣe ìdánrawò lè mọ ìdáhùn, kí àkókò sì lọ mọ́ ọn lọ́wọ́ nítorí pé mouse ṣàjèjì sí i. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà ní JSS 2, Scratch ló fẹ́ràn, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń to àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Tíṣà ni ìyá wọn. Ó ti pẹ́ tó ti ń sanwó fún àwọn oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kí wọ́n bá a tẹ ìbéèrè ìdánwò kíláàsì rẹ̀, ó sì tún máa ń jókòó tì wọ́n kó lè ṣàtúnṣe sí ohun tí wọ́n tẹ̀. Ní tèmi, mo fẹ́ máa ya àwòrán wáyà, kí n sì máa kọ ìwé iye owó fún àwọn tó bá gbéṣẹ́ fún mi. Kò sí iṣẹ́ tó wúwo nínú gbogbo ìyẹn. Ohun tí a nílò ni kí kọ̀ǹpútà tan nígbà tí a bá fẹ́ ẹ, kó má sì kú láàárín iṣẹ́.

Ìyàwó mi kọ́kọ́ dábàá laptop. Bátìrì inú rẹ̀ jẹ́ àǹfààní ńlá, mo gbà. Ṣùgbọ́n laptop tòkunbọ̀ tí owó wa ká, bátìrì rẹ̀ ti gbó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ọmọ bá sì jókòó lé e tí skrín fọ́, owó skrín nìkan lè mú kéèyàn gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀. Ti desktop, ohun tó bá bàjẹ́ nìkan lèèyàn ń pààrọ̀. Ó tún máa ń wà ní pálọ̀ lójú gbogbo wa, ọmọ kò lè gbé e wọ yàrá lóru. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ló jẹ́ kí ìyàwó mi gbà.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Sábó ni mo ti ra èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà. Mo mọ Computer Village ní Ìkẹjà dáadáa, ní àdúgbò Ọ̀tígbà, mo sì mọ̀ pé ọjà pọ̀ níbẹ̀, owó rẹ̀ sì fi díẹ̀ rẹlẹ̀. Àmọ́ bí RAM kan, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ẹ máa gba Mile 12 àti Ketu padà lọ, nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ, ọjọ́ iṣẹ́ kan sì lọ bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù Sábó yìí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. "Ẹ̀gbọ́n" ló ń pè mí, "Àbúrò" ni mo ń pè é. Owó tí mo fi kún ti Ìkẹjà lọ́dọ̀ rẹ̀, owó àlàáfíà ni mo kà á sí.

Mi ò ní kọ iye náírà síbí, torí ẹ lè kà á lónìí kó ti yí padà lọ́la. Bí mo ṣe pín owó náà ni mo máa sọ. Nínú gbogbo ₦100 tí mo ná sórí àpótí náà, láìka skrín àti keyboard mọ́ ọn, processor gba ₦27, RAM gba ₦22, motherboard gba ₦17, power pack gba ₦15, SSD, ibi tí fáìlì ń wà, gba ₦11, casing, ìta irin rẹ̀, sì gba ₦8. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń to kọ̀ǹpútà kì í ná owó kankan sórí power pack. Wọ́n á ra casing tí wọ́n ti dè é mọ́, wọ́n á ní ọ̀fẹ́ ni.

Ká tó dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀. Dell OptiPlex, HP EliteDesk, Lenovo ThinkCentre, àwọn tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì òkè òkun kí wọ́n tó kó wọn wá. Wọ́n lágbára, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ẹni tí owó rẹ̀ kò bá sì kọjá ibẹ̀ kó rà á láìbẹ̀rù. Kó sáà ka nọ́ńbà tó wà lára processor rẹ̀. Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 kò sì gba ọ̀pọ̀ jù lọ processor Intel tó bá ṣáájú ìran kẹjọ. i5-8500, tí 8 tó ṣíwájú túmọ̀ sí ìran kẹjọ, wọlé, core mẹ́fà ló sì ní, ìyẹn bí ọpọlọ kékeré mẹ́fà nínú ẹyọ kan. i5-7500 àti i5-6500 kò wọlé. Àwọn tí owó wọn rọjú jù nínú ṣọ́ọ̀bù sábà máa ń jẹ́ ìran kẹrin tàbí ìkẹfà. Ẹni tó ń tà á á sọ pé ó ń ṣiṣẹ́, òótọ́ ló sọ, kódà Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, á sáré lórí rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí èmi yí ojú kúrò ni power pack. Púpọ̀ nínú àwọn àpótí ọ́fíìsì yẹn, pàápàá àwọn pẹlẹbẹ, ní power pack tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ tó ṣe wọ́n nìkan. Bó ṣe rí yàtọ̀, ẹnu wáyà rẹ̀ yàtọ̀. Ọjọ́ tó bá jóná, ẹ kò ní rí i lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù kankan ní Sábó. Ẹ máa wá tòkunbọ̀ mìíràn kiri tí ẹ máa yọ ọ́ lára rẹ̀. Power pack ATX gbogbogbòò, kò sí ibi tí wọn kì í tà á.

Ó ti wá kan power pack báyìí. Bí ẹ bá gbé e lọ́wọ́, ẹ yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò, ibi tí wọ́n lẹ ìwé mọ́. Ẹ wá ọ̀rọ̀ "Input". Ẹ máa rí ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta. Èkíní ni 100-240V. Èkejì ni 200-240V. Ẹ̀kẹta ni èyí tó ní bọ́tìnnì pupa kékeré lẹ́yìn tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí, tí ọmọ kékeré lè fi ìka tì láìmọ̀. Bó bá wà lórí 115 tí ẹ so ó mọ́ iná ilé wa, ariwo kan ṣoṣo lẹ máa gbọ́.

Iléeṣẹ́ amúnáwá Egbin wà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí, 1,320 mẹ́gáwáàtì ni wọ́n kọ́ ọ láti mú jáde. Síbẹ̀, ní òpópónà wa, mo máa ń fi mítà mi wọn iná lálẹ́, kó sì jẹ́ 160 fóòtì. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ iná mọ̀ pé tiransifọ́mà àdúgbò àti gígùn wáyà tó gbé iná wá ló ń fa ìyẹn, Egbin kò jẹ̀bi rẹ̀. Power pack tó jẹ́ 200-240V á kú ní 160 fóòtì, kọ̀ǹpútà á pa ara rẹ̀ láàárín iṣẹ́. Èyí tó jẹ́ 100-240V á kàn fa iná díẹ̀ sí i látẹ̀yìn, ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ kò ní mọ̀. Àwọn méjèèjì lè jẹ́ iye kan náà, kí wọ́n jọ wà lórí pẹpẹ kan náà. Mo rí àwọn tó ra stabilizer ńlá torí kọ̀ǹpútà nìkan, nígbà tó jẹ́ pé ìlà kékeré yẹn ló yẹ kí wọ́n kà. Ohun tí mo gbé síwájú tiwa ni ẹ̀rọ ìdáàbòbò tó ń gé iná tó bá ròkè jù, tó sì máa ń dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bí NẸ́PÀ bá dá iná padà kó tó jẹ́ kó wọlé. Ìgbà tí iná bá ń padà bọ̀ gan-an ló máa ń ba nǹkan jẹ́.

Wáàtì ńkọ́? 450 ni mo rà, tó ní àmì 80 Plus Bronze. Àmì yẹn túmọ̀ sí pé nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gbé ìdajì ẹrù rẹ̀, nínú 100 wáàtì tó fà látara ògiri, ó kéré tán 85 ló dé inú kọ̀ǹpútà, ìyókù di ooru. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí pẹpẹ ni èyí tí wọ́n kọ 700W sí wà, tí kò lórúkọ tí èèyàn mọ̀, tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì tèmi. Mo gbé méjèèjì lọ́wọ́. Eléyìí tí wọ́n ní ó jẹ́ 700 fúyẹ́ bí páálí tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ tán. Kọ́ílì, irin tó ń gba ooru, àti àwọn capacitor ńlá ló ń mú kí power pack wúwo. Bí kò bá wúwo, wọn kò sí níbẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà irú tiwa yìí kì í jẹ tó 130 wáàtì rárá nígbà tó bá ṣiṣẹ́ débi tó lè ṣe é dé. Kí ni mo fẹ́ fi 700 ṣe?

Ọ̀rọ̀ ínfátà so mọ́ ọn. Power pack tó dáa ní ohun tó lè fi gbé kọ̀ǹpútà ró fún nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdù 16 lẹ́yìn tí iná bá ti lọ. Ọ̀pọ̀ ínfátà òde òní ní ibi tí èèyàn ti lè yàn bóyá ó fẹ́ kó yára gba iná bíi UPS, nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdù 10, tàbí kó rọra gbà á bíi ti fáànù àti fíríìjì, tó lè tó 20. Ìkejì ni ọ̀pọ̀ máa ń wà lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi ń kú tó sì tún ń tan fúnra rẹ̀ gbogbo ìgbà tí NẸ́PÀ bá mú iná, tí onílé á wá ní UPS ni òun máa ra. Mo ti bá oníbàárà mi púpọ̀ yí i sí ti UPS, wàhálà náà sì tán láìná kọ́bọ̀. Ẹ tún rí i pé ínfátà yín jẹ́ pure sine wave, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́ bíi ti NẸ́PÀ. Èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, power pack olójúlówó lè máa kùn lórí rẹ̀, tàbí kó kọ̀ láti tan.

Ọ̀kan tó kù lórí iná: earth. Inú gbogbo power pack ni asẹ́ kan wà tó ń da iná díẹ̀ sínú wáyà earth, wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀. Bí ilé kò bá ní earth, iná yẹn á dúró sí ara casing. Bí ẹ bá fi tẹ́sítà kàn án, á tan. Bí ọmọ bá fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí sìmẹ́ńtì tó fọwọ́ kan án, á ta á. Iná náà kéré, àmọ́ ó ń dẹ́rù ba ọmọ, ó sì lè ba ojú USB jẹ́. Nínú ilé tí mo bá ti wọ̀ ní àgbègbè yìí, ihò kẹta lára sọ́kẹ́ẹ̀tì sábà máa ń wà lójú lásán ni, wọn kò so nǹkan kan mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹ pe oníná yín kó ri irin earth mọ́lẹ̀ kí ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà wọlé. Mo fẹ́ kí ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí ní pàtàkì ju gbogbo èyí tó kù lọ, nítorí ọmọ yín ni.

Processor, mo mú AMD Ryzen 5 5600G. 2021 ló jáde, core mẹ́fà, thread 12, ìyẹn iye iṣẹ́ tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́tà G yẹn ló ṣe pàtàkì: ó túmọ̀ sí pé ohun tó ń gbé àwòrán jáde sórí skrín ti wà nínú rẹ̀, ẹ kò nílò láti ra graphics card. Ryzen 5 5600 tí kò ní G kò ní in. Intel tí F bá parí nọ́ńbà rẹ̀, bíi i3-12100F, òun náà kò ní in. Owó àwọn yẹn máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ á rà á, á dé ilé, skrín á dúdú kirikiri. Mo ro ti i3-12100 tí kò ní F dáadáa. Core mẹ́rin, thread mẹ́jọ, ó yára, kò sì sí iṣẹ́ ilé wa tí kò lè ṣe. Motherboard rẹ̀ ló wọ́n ju ti AMD lọ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn ló yí mi lọ́kàn. Ẹni tí owó 5600G bá wúwo fún, kó wo Ryzen 3 3200G, core mẹ́rin, ó ní àwòrán nínú, Windows 11 sì gbà á.

Inú páálí 5600G ni fáànù rẹ̀ wà, ẹ má ra òmíràn. Ohun tó wù mí jù lára rẹ̀ ni bó ṣe ń jẹun. Mítà mi sọ pé nǹkan bí 30 wáàtì ni àpótí náà ń fà nígbà tí a kò bá ṣe nǹkan tó le lórí rẹ̀. Skrín wa ń jẹ nǹkan bí 20. Nígbà tí Àdùkẹ́ bá ń ṣe ìdánrawò JAMB, gbogbo rẹ̀ pọ̀ kì í ju 55 lọ. Bátìrì 12 fóòtì, 200Ah, ló wà nídìí ínfátà wa. Ẹ sọ 12 di ìlọ́po 200, ó di 2,400 wáàtì-wákàtí. Bátìrì lead-acid kò fẹ́ kí a fà á kọjá ìdajì bí a bá fẹ́ kó pẹ́, torí náà 1,200 la ní. Ínfátà fúnra rẹ̀ á jẹ nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi sí 1,000. Kọ̀ǹpútà nìkan lè lo wákàtí 18 lórí ìyẹn. Bí a bá fi fáànù kan àti gílóòbù LED mẹ́ta kún un, wákàtí méje la ní, ìyẹn láti aago méje alẹ́ títí di aago méjì òru. Ọmọ tó ń kàwé kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ wa kì í ké torí kọ̀ǹpútà mọ́.

Motherboard A520 tó ní ihò RAM méjì ni mo rà. Ohun mẹ́ta ni mo wò lára rẹ̀: kó ní ihò M.2 fún SSD, kó ní ojú HDMI àti ojú VGA papọ̀ torí skrín tòkunbọ̀, kí BIOS rẹ̀, ètò tó ń jí motherboard, sì ti mọ 5600G, nítorí 2020 ni A520 jáde, èyí tó bá ti pẹ́ lórí pẹpẹ lè má mọ processor tó jáde lẹ́yìn rẹ̀. Àbúrò tan án lójú mi kí n tó sanwó.

RAM ni owó rẹ̀ dùn mí. Ẹ kò ní gbàgbọ́ iye tó ti dà. Láti ìparí 2025 ni Samsung, SK Hynix àti Micron, tó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú memory ayé, ti ń darí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ ilé kọ̀ǹpútà ńláńlá fún AI. Micron tiẹ̀ kéde ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn pé òun máa dáwọ́ Crucial dúró, orúkọ tí aráalé bíi tiwa ti mọ̀ fún ọdún pípẹ́. Síbẹ̀, mi ò ra ẹyọ kan. Irú DDR4, 8GB méjì, ni mo rà, ìyára rẹ̀ jẹ́ 3200. Inú RAM yìí ni 5600G ti ń yá àyè fún àwòrán. RAM kan ṣoṣo ń gbé 25.6GB ní sẹ́kọ́ńdù kan, méjì jọ ń gbé 51.2GB. Ìyàtọ̀ náà hàn lójú tí fídíò tàbí géèmù bá wà lórí skrín. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó 16GB, kó ra 4GB méjì dípò 8GB kan? Rárá, ihò méjì péré ló wà, ibẹ̀ ló máa há sí. Kó ra 8GB kan, kó fi ihò kejì sílẹ̀ de ìgbà tí owó bá tún wọlé.

SSD, 500GB NVMe, PCIe 3.0, ìyẹn ọ̀nà tó ń gbà bá processor sọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ ta Gen 4 fún mi, ìyẹn PCIe 4.0 tó yára jù ú lọ. 5600G kò kọjá PCIe 3.0, nítorí náà ẹni tó ra Gen 4 fún un kàn san owó tí kò ní rí lò ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi hard disk tó ń yí sí i fún yín gẹ́gẹ́ bí ibi tí Windows máa wà, 500GB SSD dáa ju 1TB irú ìyẹn lọ fún ilé. Ẹ sì dán an wò. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, tí wọ́n á kọ 500GB sí, tí kò sì tó bẹ́ẹ̀ nínú. Ètò kan tó ń jẹ́ H2testw, ọ̀fẹ́ ni, á kún un dé ẹnu, á sì kà á padà, irọ́ kò ní lè sá pamọ́. Ètò mìíràn, CrystalDiskInfo, á sọ iye wákàtí tí wọ́n ti lò ó; èyí tí wọ́n ní tuntun ni kò gbọdọ̀ ti ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí lára.

Casing, mo ní kí wọ́n fún mi ní èyí tí kò ní power pack nínú, tó ní asẹ́ níwájú tí mo lè yọ fọ̀. Òpópónà wa kò lọ́dà, eruku pupa ọyẹ́ kì í ṣeré. Mi ò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ sọ nípa rẹ̀.

Skrín tòkunbọ̀ ni mo rà, 22 ínǹṣì, IPS, torí tí èèyàn mẹ́rin bá jókòó yí i ká, àwọ̀ rẹ̀ kò gbọ̀dọ̀ yí padà lójú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní kí wọ́n gbé àwọ̀ funfun, dúdú, pupa sójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wá àmì kékeré tí kò tan mọ́ kiri, kò sí. Keyboard àti mouse oníwáyà ni, tuntun, èyí tí kò nílò bátìrì.

Àléébù rẹ̀? Motherboard yìí kò ní WiFi. Fóònù ìyàwó mi la ń fi wáyà USB so mọ́ ọn tí a bá nílò íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ fóònù á há mọ́ ibẹ̀, ó ń bí i nínú. Fáànù inú páálí AMD máa ń kígbe bí ọmọkùnrin mi bá ṣí géèmù. Géèmù tuntun ńláńlá kò sì dùn lórí rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ìyẹn nílò graphics card àti power pack tó jù báyìí lọ. Ihò RAM méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti kún, ọjọ́ tí 16GB kò bá tó mọ́, méjèèjì ló máa jáde.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, mo fún Àbúrò ní máàkì tó ga. Ó ṣí gbogbo páálí lójú mi. Ó kọ nọ́ńbà serial ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú rìsíìtì, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe, bẹ́ẹ̀ òun ló máa jẹ́rìí bí ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn. Ó gbà kí n fi mítà mi wọn power pack níbẹ̀ láìfajúro. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọn ọ́n dáadáa, èmi náà fẹ́ mọ̀." Nígbà tí mo fi ìyàtọ̀ 100-240 àti 200-240 hàn án lára ìwé ẹ̀gbẹ́ wọn, ó kó gbogbo èyí tó wà lórí pẹpẹ jáde, ó pín wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tó kù sí lọ́dọ̀ rẹ̀ ni wáráńtì: ọ̀sẹ̀ kan péré ló ń fún èèyàn lórí RAM àti SSD. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣàlàyé, ó fi power pack sí oṣù mẹ́ta, àmọ́ kò fi ti RAM kún un rárá. Ó ní àwọn tó ń kó ọjà fún òun náà kò fún òun ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń rajà níbikíbi béèrè èyí kó tó fọwọ́ kan àpò, nítorí RAM tó lábùkù lè lo ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó fi ara hàn. MemTest86, ètò tó ń dán RAM wò, ni mo fi sílẹ̀ lórí tiwa láti alẹ́ di àárọ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, ó jáde láìní àṣìṣe.

Ohun tó kàn báyìí ni ẹ̀rọ WiFi kékeré tí wọ́n ń kì bọ ojú USB, kí ìyá Àdùkẹ́ lè gba fóònù rẹ̀ padà. Àbúrò ti ní òun máa bá wa wá èyí tó ní eriali.